Àálè Tí Kò Yé Aráyé: Lórí Irin Olóró Àti Iṣẹ́ Àwa Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ará ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Físíìsì. Ẹnìkan lè bi wá pé, "Kí ló kan ẹni tó ń kọ́ ewì àti gírámà nínú irin ilé-iṣẹ́?" Ẹ bá wa kà á dé ìsàlẹ̀. Ní tiwa, a gbà pé iṣẹ́ wa gan-an ni, a ò sì tíì ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ọsirélíà. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2023, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbéra láti ibi ìwakùsà kan ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ó ń lọ sí ìlú Perth. Ìrìn náà tó nǹkan bíi kìlómítà 1,400. Ẹ̀rọ ìwọ̀n kan wà nínú ẹrù tó gbé. Kóró kékeré kan sì wà nínú ẹ̀rọ náà: gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6. Kò tó èékánná àtàǹpàkò. Caesium-137 ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ń gbọ̀n lójú ọ̀nà títí bóòtù kan fi yọ, kóró náà sì jábọ́. Ọjọ́ 25 oṣù náà, nígbà tí wọ́n tú ẹrù, ni wọ́n tó mọ̀ pé ó ti sọnù. Ìjọba kéde fáyé gbọ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń mọ ìtànṣán sínú mọ́tò, wọ́n sì ń tọ ojú títì lọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Èrèlé ni wọ́n rí i, ó wà ní nǹkan bíi mítà 2 sí etí títì. Kò pa ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ṣe ẹ̀rín nígbà náà: irú wàhálà wo lèyí lórí kóró tó kéré tó báyìí? Ìbéèrè tiwa yàtọ̀. Ká ní ojú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ ni kóró yẹn bọ́ sí, tí ọmọdé kan tó ń ta gààrí lẹ́bàá ọ̀nà sì ṣà á nílẹ̀ nítorí pé ó ń dán, ta ni yóò mọ̀? Ọ̀rọ̀ wo ni wọn yóò fi kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí rédíò?

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí irú nǹkan wọ̀nyí ń ṣe nílé-iṣẹ́, nítorí pé kì í ṣe ìwà ìkà ló gbé wọn débẹ̀. Iṣẹ́ tó wúlò ni wọ́n ń ṣe. Bí irin yíyọ́ bá wà nínú kòtò ìyọ́rin, tàbí bí ohun gbígbóná bá kún inú táǹkì ńlá, èèyàn ò lè ṣí i kó yọjú wò ó. Wọn á fi orísun ìtànṣán sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn á fi ẹ̀rọ tó ń kà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí táǹkì bá kún, ìwọ̀nba ìtànṣán díẹ̀ ni yóò kọjá. Bó bá ṣófo, púpọ̀ ni yóò kọjá. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí nǹkan dé. Ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ń lo irú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ bébà ń lò ó, àwọn tó ń rọ ọtí àti mínírà sínú agolo náà ń lò ó. Àwọn tó ń ṣe páìpù epo ń lo iridium-192 láti fi ya àwòrán ojú ibi tí wẹ́dà jó pọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó sán nínú. Àwọn oní-epo ń sọ orísun mìíràn kalẹ̀ sínú kànga láti mọ irú òkúta tó wà nísàlẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí orísun bá wà nínú àpótí rẹ̀ tí wọ́n fi òjé tàbí irin tó nípọn ṣe, ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní fara kááṣá. Ìgbà tó bá jáde kúrò nínú àpótí ni wàhálà dé. Kò ní òórùn. Kò gbóná lọ́wọ́ bí ẹ̀yinná. Kò dún. Èèyàn lè mú un dání kó má mọ nǹkan kan, kí èébì tó bẹ̀rẹ̀, kí awọ ara tó pọ́n, kó bó, kó sì di egbò tí kò jiná.

Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ ní Yanango, ní orílẹ̀-èdè Peru, ní ọjọ́ 20 oṣù Èrèlé ọdún 1999. Wẹ́dà kan ń ṣiṣẹ́ lórí páìpù ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń fi omi pèsè iná mànàmáná. Ó rí irin kékeré kan nílẹ̀, ó ṣà á, ó fi sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ fún wákàtí mélòó kan. Iridium-192 ni. Ó wọ ṣòkòtò náà lọ sílé, níbi tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ wá a délé lóru ọjọ́ yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀: wọ́n padà gé e. Ohun tó dà bí ẹni pé ó lè wúlò lọ́jọ́ kan ló ṣà. Èwo nínú wa ni kò ní bàbá tàbí bùrọ̀dá kan tí kì í fi irin sílẹ̀ nílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Samut Prakan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bangkok ní Thailand, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Ẹ̀rọ ìwòsàn àtijọ́ ni ti ibẹ̀, cobalt-60 wà nínú rẹ̀, wọ́n sì pa á tì sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí kò ní olùṣọ́. Àwọn tó ń ra irin àlòkù tú u, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò irin. Èèyàn mẹ́ta kú. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá: àmì ìkìlọ̀ wà lára irin náà. Àmì yẹn kò yé àwọn tó gbé e, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan tí wọ́n kọ ní èdè Thai. Ní ọdún 2023, ní Prachin Buri ní Thailand kan náà, páìpù irin kan tí caesium-137 wà nínú rẹ̀ pòórá ní ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti bá caesium nínú eruku ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin.

Ẹni tó bá ní òkèèrè ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kó rántí oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2002. Ní Nàìjíríà wa níbí, láàrin Warri àti Port Harcourt, orísun ìtànṣán méjì tí wọ́n fi ń yẹ inú kànga epo wò di àwátì. Americium àti beryllium ló wà nínú wọn. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n tó rí wọn, Jámánì ni wọ́n sì ti rí wọn, láàrin irin àlòkù. Ẹ ro iye ọwọ́ tí irin yẹn kọjá kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Americium kì í sì í tètè ṣá: lẹ́yìn ọdún 432, ìdajì agbára rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀.

Ọjà irin àlòkù kò jìnnà sí wa. Orúkọ Òwódé Onírin ní Èkó kì í ṣe orúkọ ẹ̀fẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin wà ní Ìkòròdú àti Ògíjo. Àwọn tó ń kígbe "irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù" kiri àdúgbò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa lójoojúmọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ìkòkò sì ń ra ohun tí wọ́n bá kó wá. Ẹnì kan ò bi irin ní ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kó tó gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Àwọn baba wa mọ ohun tó ń jẹ́ ìkìlọ̀. Bí àgbẹ̀ bá to igi ìdáná sí etí ọ̀nà, tí kò sì ní ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọ, àálè ni yóò fi lé e: ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, àkísà pupa, àjákù bàtà. Ṣùkù kò ní ẹnu, àkísà kò ní eyín. Ohun tó fún àálè lágbára ni pé tọmọdé tàgbà ìlú ló mọ ohun tó ń wí. Ìyá ti sọ ọ́ fún ọmọ kí ọmọ tó dá nìkan rin ọ̀nà oko. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò mọ̀.

Ẹ wá wo àmì tí ayé fi ń kìlọ̀ ìtànṣán: ewé dúdú mẹ́ta yí ẹyọ kan ká, lórí àwọ̀ ìyeyè. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ nílé-ìwé lè sọ pé fáànù ni. Àálè ni lóòótọ́, àmọ́ àálè tí ẹnikẹ́ni ò túmọ̀ fún ará ìlú ni. Àjọ àgbáyé tó ń mójú tó agbára átọ́ọ̀mù, IAEA, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2007, àjọ náà àti ISO gbé àmì tuntun jáde: àwọ̀ pupa, ìtànṣán ń rọ̀ láti òkè, agbárí òkú pẹ̀lú egungun méjì, àti ẹnìkan tó ń sá lọ. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, níbi tí ẹni tó bá ń tú u yóò ti bá a pàdé. Kí wọ́n tó gbà á wọlé, wọ́n fi han èèyàn 1,650 ní orílẹ̀-èdè 11. Kẹ́ńyà àti Mòrókò ni ti Áfíríkà nínú wọn. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, a kí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ti ṣe kí àmì náà tó dé. Àwòrán nìkan kò sì lè sọ fún èèyàn pé kó ké sí ta ni, tàbí pé kó má ṣe gbé e lọ sílé kó tó ké.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kí ni a ń pe nǹkan yìí ní Yorùbá? Bí a bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò bó ṣe wà, rédíò ni etí ará ìlú yóò kọ́kọ́ gbọ́. Bí a bá pè é ní májèlé, ẹni tó gbọ́ yóò rò pé àfi tí òun bá gbé e mì. Àwọn kan ń sọ pé "ìtànṣán olóró", a ò sì bá wọn jà. Nínú kíláàsì, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra irin kò rí ìtànṣán rí. Irin ló ń rí. Irin ló ń gbé. Nítorí náà, ohun tí a dá lábàá fún ara ìkìlọ̀ ni "irin olóró". Oró yé Yorùbá: ti àkekèé, ti ejò. A mọ̀ pé oró máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ohun tó ta ni ti lọ. Ohun kan péré ló kù tí orúkọ náà kò sọ, ìyẹn ni pé èyí kò dúró dìgbà tó bá bu èèyàn jẹ. Ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ẹ wo ohun tí a kọ:

IRIN OLÓRÓ NI ÈYÍ. ÈÈWỌ̀ NI. Ó Ń PA ẸNI TÓ BÁ WÀ NÍTÒSÍ RẸ̀. SÁ KÚRÒ NÍBẸ̀. KÉ SÍ ÌJỌBA.

Ẹ ó rí i pé a ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Má fọwọ́ kàn án". Ìdí wà níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí àwọn tó ń kọ pátákó ṣe ń kọ Yorùbá: kò sí àmì ohùn. Bí wọ́n bá kọ "ma fowo kan an", ta ló fẹ́ jẹ́rìí pé "má" ni, kì í ṣe "máa"? Ọ̀kan ń kọ̀ fún ọ, èkejì ń rọ̀ ọ́. "Irin olóró" náà kò yọ nínú ewu yìí. Bí wọ́n bá yọ gbogbo àmì kúrò, "irin oloro" lè di irin ọlọ́rọ̀. Ẹ fojú inú wo oníṣòwò irin tó rí i kà pé irin ọlọ́rọ̀ ni ó wà níwájú òun! Láti ìgbà tí a ti wà ní ọdún kìíní ni wọ́n ti ń bi wá pé àǹfààní kí ni àmì orí ọ̀rọ̀ ń ṣe. Èyí ni ìdáhùn wa: lára irú irin bẹ́ẹ̀, àmì ohùn lè jẹ́ ẹ̀mí èèyàn.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra irin kiri ní ìlú wa kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Hausa ni wọ́n. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé Yorùbá nìkan kò tó. Kí a kọ ọ́ ní Hausa pẹ̀lú, kí àwọn akẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ èdè náà bá wa dá sí i. Ṣùgbọ́n onílé tó ń ta irin àgbàlá rẹ̀, ọmọ tó ń ṣeré nídìí ẹrù, alágbẹ̀dẹ, awakọ̀ tó fẹ́ gbé e, àti nọ́ọ̀sì tí aláìsàn kọ́kọ́ bá pàdé, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi ń ronú.

Àwọn mìíràn yóò ní a fẹ́ dẹ́rù ba ará ìlú, pé wọn kò ní lọ ṣe X-ray mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná ló ń mú ẹ̀rọ X-ray ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti pa á, ìtànṣán rẹ̀ tán nìyẹn. Orísun tí a ń sọ kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ tó yanjú fún nǹkan méjèèjì, ìbẹ̀rù tí kò nídìí yóò dín kù. Àìmọ̀ ló ń bí ìpayà.

Àtakò kẹta ló wúwo jù lójú wa: pé ebi ló ń mú èèyàn tú irin, pé ebi kì í ka pátákó. A gbà. A ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ èdè bo àìbìkítà mọ́lẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ni ẹ̀bi kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ní Goiânia, ní Brazil, ilé-ìwòsàn kan kó lọ síbòmíràn, wọ́n fi ẹ̀rọ caesium sílẹ̀ nínú ilé àtijọ́. Ní ọdún 1987, àwọn méjì wọlé tú u, wọ́n tà á fún oníṣòwò irin. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń tàn búlúù nínú òkùnkùn, àwọn èèyàn ń pín in fún ará àti ọ̀rẹ́. Èèyàn mẹ́rin kú, ọmọ ọdún mẹ́fà wà nínú wọn. Kì í ṣe àwọn tó tú u ló kọ́kọ́ ṣẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òfin ọdún 1995 ló dá àjọ NNRA sílẹ̀ láti máa ṣọ́ irú nǹkan wọ̀nyí, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń pa ilẹ̀kùn dé, tàbí tó ń ta ẹrù rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi orísun sílẹ̀ bí ẹni fi ìgò òfìfo sílẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Síbẹ̀, Goiânia kan náà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Kì í ṣe dókítà ló kọ́kọ́ já ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó oníṣòwò irin yẹn ló ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹni tó sún mọ́ nǹkan náà ń ṣàìsàn. Ìfura loògùn àgbà. Ó mú kí wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìlera, ó sì sọ fún wọn pé ohun tó ń pa àwọn èèyàn òun nìyí. Ó wà lára àwọn mẹ́rin tó kú. Ká ní ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè rẹ̀ tí ó ti gbọ́ rí, tó sọ fún un ní ọjọ́ kìíní pé kó jìnnà, kó ké sí ìjọba, kó má gbé e! Ẹni bí obìnrin yìí ni a ń kọ̀wé sí.

Nítorí náà, a ní ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ kọ ìkìlọ̀ sí i ní èdè àwọn tó yí yín ká, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní ilé-iṣẹ́ rédíò, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ètò yín tó: bí ẹ bá rí irin tó ní àmì ewé mẹ́ta, ẹ má tú u, ẹ má gbé e, ẹ jìnnà sí i, ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, ẹ ké sí ọlọ́pàá kí wọ́n kàn sí NNRA. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Awóbùlúyì ti ṣe olóòtú Èdè Ìperí Yorùbá fún wa, àwọn ìwé yẹn ni a fi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀dá-èdè àti lítíréṣọ̀ láìkọsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà fi iṣẹ́ àṣekágbá wa ṣe irú rẹ̀ fún ohun tó lè pani. Àwa tí a kọ èyí ti múra tán láti gbé ìkìlọ̀ wa lọ sí ọjà irin, kí a kà á fún àwọn tó wà níbẹ̀, kí a sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá pè é. Bí orúkọ tí wọ́n bá sọ ọ́ bá dára ju tiwa lọ, tiwọn ni a ó kọ.

Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ẹni tó mọ ológbò tí kò kìlọ̀ fún èkúté ńkọ́? Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ kọ èrò yín sí wa. Bí ẹ bá ní orúkọ tó dára ju "irin olóró" lọ, a fẹ́ gbọ́ ọ.